Títún Ọpọlọ Dúróònù Eré Ìje Ṣe

Àwọn àgbà máa ń sọ pé a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ọ̀rọ̀ yìí bá gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ mu, ṣùgbọ́n ó bá iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ mu ju lọ. Ẹ̀rọ tí ó bá dákẹ́ lójijì a máa mú ọkàn ẹni tí ó ni ín gbóná. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá sì gbóná a máa ti ọwọ́ bọ ibi tí kò yẹ. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ò ń ka ìwé yìí, bóyá o ti rí ẹni tí rédíò rẹ̀ dákẹ́ rí, tí ó tú u palẹ̀ títí dé orí ìdè ìkẹyìn, kí ó tó wá mọ̀ pé bátìrì ni ó tán. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ nínú àròkọ yìí jọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ kàn kì í ṣe rédíò. Dúróònù eré ìje ni, èyíinì ni ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò gba èrò, tí a ń fi rìmóòtù darí láti ilẹ̀, tí a sì ṣe fún ìdíje eré sísá.

Bí o kò bá tíì rí i rí, jẹ́ kí n júwe rẹ̀ fún ọ. Egungun rẹ̀ kò fẹ̀ ju àwo ìjẹun lọ. Ó ní apá mẹ́rin. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí ń fi iná bátìrì ṣiṣẹ́ wà lórí apá kọ̀ọ̀kan, abẹ̀bẹ̀ oníke kan sì wà lórí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan. Kámẹ́rà wà ní iwájú rẹ̀ tí ń fi àwòrán ránṣẹ́ sínú awò tí awakọ̀ gbé sójú. Nítorí náà, bí awakọ̀ tilẹ̀ jókòó sórí àga ní ẹ̀gbẹ́ pápá, yóò máa wo ọ̀nà bí ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ náà gan-an. Ọkọ̀ yìí lè sáré ju 100 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Má ṣe rò pé eré ọmọdé lásán ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, wọ́n ṣe ìdíje ńlá kan ní ìlú Dubai tí wọ́n pè ní World Drone Prix. Luke Bannister, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15 péré, ni ó ṣe ipò kìíní, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba ẹ̀bùn 250,000 dọ́là. Ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà náà kò ju ti ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò lọ.

Pátákó kékeré kan wà láàárín egungun ọkọ̀ náà, tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè é ní flight controller. Èmi yóò máa pè é ní ọpọlọ ọkọ̀. Ohun kan wà lórí pátákó yìí tí wọ́n ń pè ní gyro. Òun ni ó ń mọ bí ọkọ̀ ṣe ń yí, ìbáà ṣe síwájú, sẹ́yìn tàbí sí ẹ̀gbẹ́, a sì lè kà á tó ìgbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọpọlọ yóò fi ohun tí gyro sọ wé ohun tí awakọ̀ fi rìmóòtù béèrè, lẹ́yìn náà ni yóò pàṣẹ fún ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò ṣe yára tó. Ṣùgbọ́n pátákó náà kò dá ọgbọ́n ní. Ọgbọ́n tí a kọ sínú rẹ̀ ni à ń pè ní firmware. A lè pa á rẹ́ kí a sì kọ òmíràn dípò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ṣe ń fi dọ́sítà nu ojú pátákó kí ó tó kọ iṣẹ́ tuntun.

Firmware tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn eléré ìje ń lò ni Betaflight. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn tí wọ́n fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda ara wọn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n kà lè ka gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. MultiWii ni baba ńlá rẹ̀. Orúkọ yẹn wá láti ara Wii, ẹ̀rọ ìṣeré ilé iṣẹ́ Nintendo, nítorí pé láti ara ohun èlò ìṣeré náà ni àwọn ẹni àkọ́kọ́ ti yọ gyro tí wọ́n fi ṣe ọkọ̀ tiwọn. MultiWii ni ó bí Baseflight, Baseflight bí Cleanflight, Cleanflight sì bí Betaflight ní ọdún 2015. Kíyè sí i pé ìran kọ̀ọ̀kan kò da iṣẹ́ ìran tí ó ṣáájú nù. Wọ́n tọ́jú èyí tí ó dára, wọ́n sì tún èyí tí ó kù ṣe. Fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé a óò tún bá a pàdé.

Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì ni mí. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó ń gbé lọ́dọ̀ mi, ni ó gbé dúróònù wọ ilé wa. Ọmọ ọdún 18 ni, ó sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ní ilé ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe. Ọdún kan gbáko ni ó fi ń bá àwọn ènìyàn tún fóònù ṣe, tí ó ń kó owó rẹ̀ jọ díẹ̀díẹ̀, kí ó tó lè ra ọkọ̀ náà ní àlòkù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ti ṣe tán. Ẹgbẹ́ kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ wọn tí ó ti gba ìwé àṣẹ, nítorí pé ní orílẹ̀-èdè wa, a kì í ṣàdédé fi irú ọkọ̀ yìí fò láìgba ìyọ̀ǹda àwọn aláṣẹ ìrìnnà òfuurufú àti ti àwọn tí ń mójú tó ètò ààbò. Ẹgbẹ́ yìí yóò pàdé ní ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ náà sì ti ń ka ọjọ́ dè é.

Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ràn nǹkan náà rárá. Ó wá kí wa ní ọjọ́ kan, ó wo abẹ̀bẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wo àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí ń sáré kiri nínú àgbàlá, ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Tíṣà, ọjọ́ tí nǹkan yìí bá ta ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú ilé yìí, ọjọ́ náà gan-an ni n ó tà á." Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi kì í sọ̀rọ̀ lásán.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tí ìpàdé náà bọ́ sí, ọkọ̀ kọ iṣẹ́. Kí ẹ́ńjìnnì tó lè yí, awakọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ ohun kan lórí rìmóòtù tí yóò fún ọkọ̀ ní àṣẹ. Àṣẹ yìí ni wọ́n ń pè ní arm. Ọmọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́ títí, ọkọ̀ ń dún pí-pí-pí, kò sì dáhùn. Ó ní ó dá òun lójú pé firmware rẹ̀ ti gbó, nítorí òun ti gbọ́ pé tuntun ti jáde. Láìwádìí, láìkọ ohunkóhun sílẹ̀, ó so ọkọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, ó pa gbogbo ohun tí ó wà nínú ọpọlọ rẹ́, ó sì kọ tuntun sí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wá dọ̀bálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà yàrá mi. "Ẹ káàárọ̀, Dádì," bí ó ti máa ń pè mí láti kékeré. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Mo ti sọ ọ́ di tuntun, kò sì dáhùn síbẹ̀."

Mo bi í pé, "Kí ni ó sọ pé ó ń ṣe òun?"

Ó ní, "Dádì, kò sọ nǹkan kan."

Mo ní, "Ṣé o bi í?"

Ó dákẹ́. Ìwọ òǹkàwé mi, ìbéèrè yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú àròkọ yìí dúró lé lórí. Oníṣègùn tí kò bi aláìsàn léèrè ohun tí ń ṣe é, tí ó kàn ń já ewé, ewu ni fún aláìsàn, ewu sì ni fún ara rẹ̀.

Kí a tó ṣe ohunkóhun, mo ní kí ó tú abẹ̀bẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò. Ojú rẹ̀ kọ́rọ́. Ó ní, "Dádì, àyẹ̀wò kékeré ni a fẹ́ ṣe, èyí yóò gba àsìkò." Mo ní kí ó lọ mú sípánà wá. Ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ yìí lè yí ju ìgbà 20,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Abẹ̀bẹ̀ tí ń yí báyẹn lè gé ọmọ ìka dé eegun, ẹyinjú ẹni kò sì ní àlòkù lọ́jà. Nítorí náà, kí èyí jẹ́ òfin fún ọ: níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá wà lórí tábìlì àyẹ̀wò, abẹ̀bẹ̀ kò gbọdọ̀ wà lórí rẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ àsìkò yẹ òfin yìí fún ọ.

Lẹ́yìn èyí, a so ọkọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, a sì ṣí Betaflight Configurator tí a fi ń bá ọpọlọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ojú ewé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CLI. Bí o bá kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo síbẹ̀, status, ọpọlọ yóò ka ara rẹ̀ fún ọ: irú ẹni tí òun jẹ́, bí ara òun ti rí, àti àwọn ìdí tí òun kò fi gba àṣẹ. Ọkọ̀ wa kọ ìdí mẹ́ta sílẹ̀: RXLOSS, CLI àti MSP. Mo ní kí ọmọ náà túmọ̀ wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. CLI àti MSP kì í ṣe àrùn. Wọ́n kàn ń sọ pé kọ̀ǹpútà ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, nítorí náà kò lè gba àṣẹ ní àkókò yẹn. RXLOSS ni ọ̀rọ̀ gidi. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọpọlọ kò gbọ́ ohùn rìmóòtù.

Ó yà á lẹ́nu, nítorí pé ọkọ̀ ń gbọ́ ohùn rìmóòtù ní ọjọ́ Ajé. Kí ni ó yí padà? Ohun tí ó parẹ́ ní òru ni. Ọpọlọ ọkọ̀ ní ẹnu ọ̀nà púpọ̀ tí a lè fi léèdì jó wáyà mọ́. A gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ẹnu ọ̀nà báyìí ni ohun tí ń gba ohùn rìmóòtù dúró sí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ ti sọ fún un. Nígbà tí a pa ohun gbogbo rẹ́, ìmọ̀ yẹn bá a lọ. A fi ojú tọ wáyà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a rí i pé ibi tí wọ́n kọ R2 àti T2 sí ni wọ́n jó o mọ́, a mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà kejì ni. A sọ fún ọpọlọ bẹ́ẹ̀. A tún fi ibi tí a ó ti máa tẹ àṣẹ lórí rìmóòtù hàn án, nítorí pé èyí náà ti parẹ́. Lójú ẹsẹ̀, RXLOSS lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn yọjú dípò rẹ̀: THROTTLE. Ọmọ náà pariwo, ó rò pé a ti dá àrùn tuntun sílẹ̀. Rárá o. Àrùn ọjọ́ Ajé nìyẹn, tí ó jókòó jẹ́ẹ́ láti ìgbà náà, tí ó ń dúró de ẹni tí yóò bi í léèrè. Bí awakọ̀ bá fa ọ̀pá ìmúyára orí rìmóòtù wálẹ̀ pátápátá, iye tí ọpọlọ máa rí kò gbọdọ̀ dé 1050. Tiwa ń ka 1072. Rìmóòtù náà jẹ́ ọ̀tọ̀ tí ọmọ náà rà, kò sì tíì ṣètò ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ọ̀pá rẹ̀. Lójú ọpọlọ, awakọ̀ ti ń béèrè eré kí ó tó pàṣẹ, nítorí náà ó kọ̀ kí ọkọ̀ má baà fò sókè lójijì. Kì í ṣe agídí ni ó ń ṣe. Ọwọ́ awakọ̀ ni ó ń ṣọ́. A ṣètò rìmóòtù títí ìsàlẹ̀ ọ̀pá fi ń ka 1000, tí òkè rẹ̀ ń ka 2000. THROTTLE parẹ́. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ṣé o rí i báyìí? Firmware kò lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Wọ́n ti fi oògùn jẹ̀díjẹ̀dí wo ẹ̀fọ́rí. Ẹ̀fọ́rí kò lọ, inú sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í run aláìsàn.

Inú rírun náà kò tíì tán. Mo ní kí ó gbé imú ọkọ̀ sókè, kí ó máa wo àwòrán ọkọ̀ náà lójú kọ̀ǹpútà. Imú ọkọ̀ gòkè ní ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ni ọkọ̀ inú àwòrán fi dùbúlẹ̀ sí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín ti yí pátákó sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ó ń dè é, kí ẹnu ibi tí wáyà kọ̀ǹpútà ń wọ̀ lè rọrùn láti dé. Ó sì ti sọ fún ọpọlọ iye tí òun yí i. Ìyẹn náà ti parẹ́. Bí ọkọ̀ bá gbéra báyẹn, ọpọlọ yóò pe iwájú ní ẹ̀gbẹ́, yóò pe ẹ̀gbẹ́ ní iwájú, ọkọ̀ yóò sì dojú dé kí ó tó kúrò nílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan. A fún un ní 90, àwòrán yí sí òdìkejì. A fún un ní 270, ọwọ́ àti àwòrán ṣe ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà ni a pe ẹ́ńjìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ètò Betaflight, ẹ́ńjìnnì kìíní ni ti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, èkejì ni ti iwájú lápá ọ̀tún, ẹ̀kẹta ni ti ẹ̀yìn lápá òsì, ẹ̀kẹrin ni ti iwájú lápá òsì. A pe ẹni kìíní, ẹlòmíràn ni ó dáhùn. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti wo orí ẹ́ńjìnnì tí kò ní abẹ̀bẹ̀, tí ń yí ní ibi tí kò retí, lẹ́bàá ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ gan-an. Kò sọ̀rọ̀. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì wo sípánà tí ó wà lórí tábìlì. Láti ìgbà náà, n kò ní láti sọ òfin abẹ̀bẹ̀ fún un mọ́.

Ohun tí ó pẹ́ jù ni ti àwòrán. Ohun tí ń fi àwòrán ránṣẹ́ láti inú ọkọ̀ ní ìwé ètò ìgbì tirẹ̀, èyí tí a gbọ́dọ̀ kọ fún ọpọlọ, kí awakọ̀ lè bọ́ sórí ìgbì tí wọ́n bá pín fún un, kí ó má baà dí ojú awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ètò yẹn náà ti lọ, a kò sì rí orúkọ kà lára ohun èlò náà. Àfi ìgbà tí a kọ̀wé sí ẹni tí ó ta ọkọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni èsì rẹ̀ tó dé. Aago méje òwúrọ̀ ni ẹgbẹ́ ti pàdé. Ọmọ náà jókòó sórí àkéte rẹ̀, ó ń wo fọ́tò tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ń ránṣẹ́ láti pápá. Ohun tí kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ láti tọ́jú ni ó gba Sátidé mọ́ ọn lọ́wọ́.

Báwo ni à bá ti tọ́jú rẹ̀? Ojú ewé CLI kan náà ni. Bí o bá kọ diff all síbẹ̀, ọpọlọ yóò to gbogbo ohun tí ọkọ̀ rẹ fi yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ṣe é jáde lẹ́sẹẹsẹ. Tọ́jú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kọ ọjọ́ sí i, kí o sì tún fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ síbòmíràn. Lẹ́yìn èyí ni o tó lè sọ̀rọ̀ firmware tuntun.

N kò sọ pé kí a máa bẹ̀rù ohun tuntun o. Ìgbà wà tí firmware tuntun yẹ: bí ohun èlò tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kò bá lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ti àtijọ́, tàbí bí àwọn tí ó kọ ọ́ bá sọ gbangba pé àwọn ti wo irú àrùn tí ń ṣe ọkọ̀ rẹ sàn. Bí o bá ti rí ìdí, tẹ̀lé ètò yìí.

Èkíní, tú abẹ̀bẹ̀ kúrò, kí o sì yọ bátìrì ńlá. Iná láti ara kọ̀ǹpútà tó fún iṣẹ́ náà.

Èkejì, mọ orúkọ pátákó rẹ pé pérépéré, nítorí pé firmware pátákó kan kì í ṣe ti èkejì. Mọ̀ pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo pátákó ni ó lè gba tuntun. Fún àpẹẹrẹ, Betaflight 4.0 tí ó jáde ní ọdún 2019 ni ó gbẹ̀yìn fún àwọn pátákó tí ń lo ọpọlọ F3.

Ẹ̀kẹta, láti ìgbà tí 4.4 ti jáde ní ọdún 2023, a máa ń yan àwọn ohun tí a fẹ́ kí wọ́n kó sínú firmware kí wọ́n tó bá wa pò ó pọ̀. Bí o bá gbàgbé láti yan irú ohun tí ń gba ohùn rìmóòtù rẹ, ọpọlọ kò ní mọ̀ ọ́n nígbà tí ó bá kàn án.

Ẹ̀kẹrin, tẹ bọ́tìnnì kékeré tí wọ́n kọ BOOT sí lára mọ́lẹ̀, kí o tó ki wáyà bọ ọkọ̀. Kọ̀ǹpútà yóò fi DFU hàn ọ́. Bí kò bá fi í hàn, má ṣe sọ pé pátákó ti kú. Kọ́kọ́ pààrọ̀ wáyà, nítorí pé àwọn wáyà kan wà tí wọn kò mọ̀ ju kí wọ́n gbé iná lọ. Wọn kò lè gbé ọ̀rọ̀. Bí iná bá sì lọ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, má ṣe ké. Ibi tí ń mú DFU ṣiṣẹ́ wà ní ibi tí a kò lè pa rẹ́ nínú ọpọlọ náà; tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ̀karùn-ún, dá ohun tí o tọ́jú padà pẹ̀lú ọgbọ́n. Bí ìyàtọ̀ àárín ti àtijọ́ àti ti tuntun bá pọ̀, ka ìlà kọ̀ọ̀kan kí o tó kọ ọ́ sí i, nítorí pé ohun tí ó bá ti àtijọ́ mu lè má bá ti tuntun mu.

Ẹ̀kẹfà, yẹ̀ ẹ́ wò kí abẹ̀bẹ̀ tó padà sórí rẹ̀. Gbé imú ọkọ̀, kí o wo àwòrán. Pe ẹ́ńjìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Pa rìmóòtù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí, kí o rí i pé wọ́n dúró, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ rí bí ohùn rìmóòtù bá já lókè.

Ní ìpàdé tí ó tẹ̀lé e, ìyá rẹ̀ bá wa lọ sí pápá. Ó dúró sẹ́yìn okùn tí wọ́n ta, ó ká ọwọ́ lérí. Ọmọ rẹ̀ fò ní ìpele méjì, ó ṣe ipò kẹta nínú èkíní. Nínú èkejì, ó kọ lu òpó kan, abẹ̀bẹ̀ kan sì ṣẹ́. Ó gbé ọkọ̀ dé orí tábìlì, ó yọ bátìrì, ó mú sípánà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn abẹ̀bẹ̀ tí ó kù kí ó tó wo ibòmíràn. Ìyá rẹ̀ ń wò ó. Ó bi mí pé, "Tíṣà, ṣé bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń ṣe é?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò tún sọ̀rọ̀ títà mọ́.

Òǹkàwé mi, ó ṣeé ṣe kí o má fi ọwọ́ kan dúróònù láéláé. Síbẹ̀, ìwọ náà yóò ní ohun kan láti tún ṣe. Bí ó bá kọ iṣẹ́, bi í léèrè kí o tó dá a lẹ́jọ́. Tọ́jú ohun tí ó wà nílẹ̀ kí o tó fi ọwọ́ kan tuntun. Yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí o wo èsì rẹ̀, kí o tó yí òmíràn. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò pàápàá, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kì í kùnà nítorí àìmọ̀, bí kò ṣe nítorí pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn kí wọ́n tó ka ìbéèrè tán. Ka ìbéèrè rẹ tán. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, ó sì máa ń dé òkè.